Ṣé O Mọ̀? Ẹyin Tí Adìyẹ Kò Yé

Ṣé o mọ̀ pé ẹyin adìyẹ tí kò kéré tí kò sì tóbi jù máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5.7, tí ikùn rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ tó bíi 4.5? Mú ìwọ̀n méjèèjì yìí lọ sọ́dọ̀ káfíńtà tó ní léèdì ní Ìlọrin, kí o sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi igi ṣe ẹyin." Ó lè kọ́kọ́ wò ọ́ tìyanutìyanu. Má kúrò níbẹ̀. Ìpèníjà yìí dára fún ẹni tí kò fọwọ́ kan irin rí, ó sì dára fún ọ̀gá náà fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tí léèdì ń ṣe? Wo àwọn ọ̀pá tó to ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí ikùn rẹ̀ yọ tí ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Orí léèdì ni wọ́n ti jáde. Nínú iṣẹ́ káfíńtà yòókù, irin ló ń rìn lórí igi. Lórí léèdì, igi ló ń yí, tó ń sáré wá bá irin, ìwọ yóò kàn di irin mú, ọwọ́ rẹ yóò sì máa tọ́ ọ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹyin ni iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀? Abọ́ máa ń jẹ igi púpọ̀, bó bá sì bàjẹ́, owó ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ àga kan gbọ́dọ̀ jọ mẹ́ta yòókù, ìyẹn sì ju agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Àjákù pákó ti tó fún ẹyin, kò sì ní ìkejì tó gbọ́dọ̀ jọ. Síbẹ̀ kò ṣeé rẹ́ jẹ. Kò sí ibi tó tọ́ gbọnrangandan lára rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé orí, àtẹ́lẹwọ́ wa sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Fi èyí tí o ṣe lé ọmọ ọdún márùn-ún lọ́wọ́. Bí ìdí rẹ̀ bá pẹlẹbẹ tàbí tí orí rẹ̀ ṣóńṣó jù, ọmọ náà á ti sọ fún ọ kí ọ̀gá rẹ tó yanu.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí ẹyin ti fẹ̀ jù kì í sí láàárín gan-an? Ó máa ń sún mọ́ ìdí ńlá. Nínú sẹ̀ǹtímítà 5.7 yẹn, fi bíi 2.5 fún ìdí, kí o fi 3.2 tó kù fún orí. Ẹni tó bá fa ìlà yìí sí àárín, ohun tí yóò gbé sọ̀kalẹ̀ kò ní jẹ́ ẹyin.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí? Ní 2017, Mary Caswell Stoddard ti Yunifásítì Princeton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ẹyin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000, láti ara oríṣi ẹyẹ bíi 1,400. Wọ́n rí i pé ẹyẹ tó bá mọ̀ ọ́n fò dáadáa ni ẹyin rẹ̀ sábà máa ń gùn tàbí kí orí rẹ̀ ṣóńṣó. Ti òwìwí fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti tó 2,300 ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán àwọn tó ń yí igi sára ògiri ibojì àlùfáà kan, Petosiris, ní Íjíbítì? Ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń fa okùn kí igi lè yí, ìkejì di irin mú.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọjà Marrakech, ní Mòrókò, àwọn kan wà tí ń fi ọwọ́ kan fa ọrun tó ń yí igi, tí wọ́n sì ń fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ irin? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí.

Ṣé o mọ̀ pé láàárín ọdún 764 sí 770, ọba obìnrin ilẹ̀ Japan, Shotoku, pàṣẹ pé kí wọ́n fi igi ṣe ilé ìsìn kéékèèké, mílíọ̀nù kan, kí wọ́n sì fi àdúrà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Orí léèdì ni wọ́n ti yí wọn. Èyí tó ju 40,000 lọ ṣì wà ní tẹ́ḿpìlì Horyu-ji dòní. Mílíọ̀nù kan, láìsí iná mọ̀nàmọ́ná.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1604 ni ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí igi ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé àṣẹ? Ṣé o mọ̀ pé Peter, ọba Rọ́ṣíà tó kú ní 1725, fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé ó ní ibi iṣẹ́ léèdì tirẹ̀ láàfin? Ilẹ̀ Rọ́ṣíà yìí kan náà ni Vasily Zvyozdochkin ti yí ọmọláńgidi onígi tí kékeré ń gbé inú ńlá, ní àwọn ọdún 1890. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá Paris ní 1900, ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1981 ni àwọn ọmọdé tó ń lọ ṣeré Àjíǹde ní ilé ààrẹ Amẹ́ríkà ti ń gba ẹyin igi lọ sílé? Eré yíyí ẹyin lórí koríko níbẹ̀ ti wà láti 1878. Ẹyin gidi ló wà fún eré. Ti igi ni ohun ìrántí.

Ó yá, ká padà sílé.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa kò lo léèdì, tí iṣẹ́ wọn sì rí róbótó? Wo gángan: ojú méjèèjì fẹ̀, àárín fún, inú ṣófo. Àáké àti ọ̀bẹ ni àwọn agbẹ́lù fi ń gbẹ́ ẹ. Odó, ọmọ odó, ọpọ́n Ifá tó rí roboto: kò sí ẹ̀rọ tó yí wọn. Ojú ló ń wọn ìwọ̀n. Ní Kwárà wa níhìn-ín, ní Òsì tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì, ni Aréògún ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1954, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù nílé àti lókè òkun. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ló kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1947. Fákẹ́yẹ kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó kú ní 2009.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Ọ̀nà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: àáké á la igi títí a ó fi mọ ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ máa wà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, tí ojú, etí àti apá á fara hàn. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ara igi á fi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, tí ọ̀bẹ á fín ilà, irun àti ọnà ara aṣọ. Ẹyin igi nílò mẹ́ta àkọ́kọ́, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń yí i. Mo sì gbà pé níbi àlétúnlé ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kùnà. Kí ẹyin tó di ẹyin ni wọ́n ti ń wá sáńpépà, wọ́n fẹ́ kí ó dán. Sáńpépà kì í tún ìrísí ṣe. Ó lè dán òkè kékeré tó wà lára ẹyin rẹ títí tí yóò fi máa kọ mọ̀nà, òkè náà á ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ á sì máa kan án.

Ṣé o mọ̀ pé ní Ìlọrin gan-an, nígbà kan rí, àwọn oníṣẹ́ làńtànà ti ń sọ òkúta pupa líle di ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán? Àwọn tó sá wá láti Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí ìlú náà tú ní àwọn ọdún 1830 ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n á ṣá òkúta náà dé ìwọ̀n, wọ́n á fi irin lu ihò sí i, wọ́n á wá máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn títí ara rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun wà lára ohun tó gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Lọ sí Dáda, ní Òkèlélé, kí o wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò: wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀, ikùn ìkòkò wọn sì máa ń gún régé. Ìlú tó ní irú ọwọ́ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ẹyin.

Ṣé o mọ̀ pé òkúta tí ìtàn sọ pé àwọn tó tẹ ìlú yìí dó ti ń lọ irin wọn ṣì wà ní Ìdí-Àpé? Lọ wò ó lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ yìí gan-an kò ní àṣírí mìíràn ju irin lílọ̀ lọ. Bí irin bá mú, èérún igi á máa tú jáde ní gígùn, á máa ká, á máa bọ́ sórí apá rẹ. Bí irin bá ti kú, lẹ́búlẹ́bú ni wàá máa rí, ara igi á sì máa ya háláhálà. Ẹni tó ń fi agbára ti irin, irin rẹ̀ ti kú kò sì mọ̀. Lọ̀ ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Tún un lọ̀ kí o tó ṣe ìgé tó kẹ́yìn, nítorí ìgé yẹn ló máa sọ bóyá sáńpépà máa gba ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí gbogbo ọ̀sán.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ odó tó ti kúrú jù, tí ìyá ti pa tì sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, lè di ẹyin tó rẹwà? Igi rẹ̀ le, ó ti gbẹ tipẹ́, ó sì ti rí róbótó kí léèdì tó kàn án. Òun ló wù mí jù nínú gbogbo igi. Tọrọ rẹ̀ kí o tó gbé e o. Tíìkì dára. Máńgòrò àti káṣú dára, ẹní bá ní ẹ̀ka tó ti gbẹ. Gmelina rọrùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ó sì wà káàkiri, nítorí ìjọba gbìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀ fún iṣẹ́ ìwé ṣíṣe. Arère fúyẹ́, ó rọ̀, àmọ́ irin tí kò mú á fà á ya. Níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àjákù tí wọ́n ń dáná sun nìkan tó ẹyin odidi ilé ẹ̀kọ́ kan. Igi tí à ń rí òrí lára èso rẹ̀ nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ kí o má gé. Ó lè lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí so, owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìyá ní Kwárà sì wà lára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọyẹ́ lè la ẹyin rẹ? Omi kún inú igi tútù. Bí omi náà ti ń lọ ni igi ń súnkì, kì í sì í súnkì bákan náà níbi gbogbo. Ní ọ̀nà tí òrùka inú igi gbà yí ká, ó máa ń súnkì tó bí ìlọ́po méjì ti ọ̀nà tó gba àárín igi jáde sí èèpo. Ìdí nìyẹn tí igi róbótó tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ fi máa ń sán. Gé tìrẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn igi, kun ojú méjèèjì tí o gé ní ọ̀dà tàbí ìda àbẹ́là, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù, kí o sì gbé e sábẹ́ òjìji. Ọmọ odó àtijọ́ kò ní ìṣòro yìí: bí kò bá tíì sán títí di báyìí, ó ti gbẹ dé ibi tó ń gbẹ dé.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Mú igi onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 6 ní fífẹ̀, 12 ní gígùn. Fa ìlà láti igun dé igun lójú méjèèjì. Ibi tí ìlà ti pàdé ni àárín. Fi há àárín eyín léèdì méjèèjì, yí i pẹ̀lú ọwọ́ kí o rí i pé kò kan ohunkóhun, kí o tó tan ẹ̀rọ. Jẹ́ kó kọ́kọ́ yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Fi irin oníkòtò gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò títí igi á fi rí róbótó, tí fífẹ̀ rẹ̀ á sì kù díẹ̀ kó tó 5. Nígbà náà ni o lè mú ìyára rẹ̀ dé bíi 1,500 sí 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Fi pẹ́ńsù sàmì sí ìlà mẹ́ta: ìdí, ikùn, orí. Láti ìlà ikùn ni gbogbo ìgé ti ń bẹ̀rẹ̀. Máa gé láti ibi tó sanra lọ sí ibi tó tín-ín-rín, níhà ìdí, níhà orí, má ṣe yí i padà láé, nítorí bí o bá gbéra láti ibi tín-ín-rín lọ sí ibi tó sanra, okùn ara igi á gbé irin rẹ sókè, á sì ya.

Kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn irin kan igi, níbi tí o ti lọ̀ ọ́ ní dàgẹ̀rẹ̀, kó máa rá a lára láìgé e. Wá gbé ìdí ọwọ́ irin sókè díẹ̀díẹ̀. Wàá rí èérún tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa jáde. Ibẹ̀ ni kí o dúró. Gbogbo ẹyin náà, láti ìlà ikùn dé òpin, ìgbésókè kékeré yẹn ni, pẹ̀lú ara rẹ tó ń yí láti ìbàdí, kì í ṣe ọwọ́ nìkan.

Fi ọrùn kékeré sílẹ̀ ní ìdí àti orí kí ẹyin má bàa já bọ́. Da sáńpépà lé e láti 120 dé 180, dé 240, dé 320. Gé ọrùn tó wà níhà orí kúrò. Lẹ́yìn náà, gbẹ́ kòtò sójú àjákù igi mìíràn lórí léèdì kan náà, kí orí ẹyin wọ inú rẹ̀ pinpin, kí o fi lè parí ìdí rẹ̀. Kòtò yìí le ju ẹyin fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá fẹ̀ jù, ẹyin á fò jáde.

Ṣé o mọ̀ pé òrí kì í gbẹ lára igi? Ó máa ń mú kó dán, ọwọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ máa tún fi pa á. Òróró linseed ní tirẹ̀ ń gbẹ, ó ń le. Àkísà tí o bá fi pa á ni kí o ṣọ́ra fún: bí o bá ká a jọ tó tutù báyẹn, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọ̀wọ́, tó ń dáàbò boni níbi iṣẹ́ mìíràn, léwu lórí léèdì? Ẹ̀rọ lè gbé e, kó gbé ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Òrùka, ṣéènì, apá agbádá, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tó wọ híjáàbù, kó ki etí rẹ̀ sínú ẹ̀wù. Wọ awò tó bo ojú. Wọ ìbòmú pẹ̀lú: ní 1995 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ti ìrókò máa ń dá imú àti awọ ara láàmú lọ́tọ̀. Mo ń rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí kò ní ìbòmú, ó sì ń dùn mí. Owó rẹ̀ kò tó owó oògùn.

Ṣé o mọ̀ pé adìyẹ máa ń fẹ́ yé síbi tó ti rí ẹyin? Ẹni tí adìyẹ rẹ̀ ń yé sínú igbó kiri, kó gbé ẹyin igi tí kò ní ọ̀dà sínú ìtẹ́. Adìyẹ tó ń jẹ ẹyin ara rẹ̀ náà á sọ ọ́ títí, kò ní fọ́, á sì lè fi í sílẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ki ẹyin igi sínú ìbọ̀sẹ̀ tó ya kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ibi iṣẹ́ yín. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ fún un ní àjákù pákó kan àti ìwọ̀n méjì. Ẹ kọ déètì sídìí ẹyin rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tọ́jú ẹ. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣe fíríídọ̀mù, kó yí òmíràn níwájú àwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹyin tó le látinú dé ìta máa ń dìde dúró bí a bá ta á bí òkòtó? Ẹyin tútù kì í ṣe é, omi inú rẹ̀ kì í jẹ́. Èyí tí a bọ̀ máa ń ṣe é. Ní 2002, Keith Moffatt àti Yutaka Shimomura ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature: bí ẹyin ti ń fi ara ha tábìlì, díẹ̀ lára agbára tó fi ń yí ló fi ń gbé ara rẹ̀ sókè. Ẹyin igi náà máa ń dìde. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó jọ̀lọ̀, fi ìka méjì ta á kíákíá. Bó bá kọ̀, tún un ta kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ kí o tó dá igi lẹ́bi.